Mánéèjì Ẹ̀ Títí Di Ọ̀sán

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ òyìnbó tó wọ Mushin, kò sí èyí tí wọ́n ń lò ní ìlòkulò tó "mánéèjì". Àwọn yòókù wá bí àlejò, wọ́n jókòó sójú kan. Fáànù ń jẹ́ fáànù, bọ́ọ̀sì ń jẹ́ bọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n mánéèjì dé, ó di ìwọ̀fà gbogbo ilé. Ohun tí ẹnu ń tijú láti sọ ní Yorùbá, òun ni wọ́n ń rán níṣẹ́.

Adéríbigbé mọ èyí dáadáa, torí ọ̀rọ̀ náà ló ń kó oníbàárà wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni. Ó ń tún fáànù ṣe, ó sì ń tún ẹ̀rọ tó ń fa omi ṣe, ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nísàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́ta. Kò sọ́gàá tó kọ́ ọ níṣẹ́. Nígbà tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Èkó lọ́mọ ogún ọdún, ó rí fáànù jíjóná kan lórí ààtàn. Ó tú u palẹ̀, ó ka iye ìgbà tí wáyà yí po nínú ikùn rẹ̀, ó fi èédú kọ ọ́ sára ògiri, ó sì wé wáyà tuntun gẹ́lẹ́ bó ṣe kà á. Fáànù náà yí. Odidi ọjọ́ kan ló fi jókòó níwájú rẹ̀ tó ń wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tuntun.

Bó ṣe kọ́ òyìnbó náà nìyẹn. Ó ra ìwé atúmọ̀ èdè kan tí kò léèpo mọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń pàtẹ ìwé sílẹ̀ ní Ojú Ẹlẹ́gbà, ó sì ń tú ọ̀rọ̀ palẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń tú ẹ̀rọ. Nígbà tó dé orí mánéèjì, ìwé ní kí èèyàn ṣe olórí nǹkan ni, tàbí kí èèyàn dáwọ́ lé ohun tó ṣòro kó sì yege. Ó parí síbẹ̀. Adéríbigbé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹni tó kọ ìwé yìí ò tíì dé Mushin," ó pariwo sí Rùkáyàt aránṣọ, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti tirẹ̀.

"Bàbá, ẹ bá wa fi tiwa kún un," Rùkáyàt dáhùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kúrò lórí máṣíìnì. "Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọkọ mi ní kí n máa mánéèjì òun, kí n tó kẹ́rù mi."

"Kí ni ìtumọ̀ ìyẹn?"

"Pé kí n máa bọ́ ọ, kí n sì panu mọ́."

Ó kọ ọ́ lóòótọ́. Ó fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sí etí ìwé náà. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti gbọ́ ìlò mìíràn, á kọ ọ́ sílẹ̀. Awakọ̀ kan tí bíréèkì rẹ̀ kò mú mọ́ ní òun ń mánéèjì ẹ̀. Ìyẹn ni pé Ọlọ́run ló ń bá a tẹ bíréèkì. Wọ́n bi ìyá arúgbó kan léèrè àlàáfíà, ó ní òun ń mánéèjì. Ìyẹn ni pé ó ń dun òun, ẹ má bèèrè ibi tó ti ń dun òun. Rùkáyàt gbé mọ́ínmọ́ín fún un, ó kún abọ́ dẹ́múdẹ́mú, ó ní, "Bàbá, ẹ mánéèjì eléyìí." Èyí kò jọ àwọn tó kù. Adéríbigbé ronú lé e lórí kó tó kọ ọ́ pé: ẹni tó ń fúnni ni kò fẹ́ kí wọ́n rí ọwọ́ òun.

Inú rẹ̀ ń dùn sí i. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, iṣẹ́ mẹ́tàdínlógún. Kò sí ẹ̀rọ tó rí bẹ́ẹ̀.

Nínú oṣù keje ni bíìmù tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù Rùkáyàt sán. Bíìmù ni ọ̀pá kọnkéré tó dùbúlẹ̀ lórí àwọn òpó, tó gbé àjà òkè dání. Ibi tó sán náà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí, ó sì gùn tó apá.

"Bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́," ni Adéríbigbé wí, ojú rẹ̀ lókè.

"Ẹ jẹ́ kó wọlé, Bàbá. Ṣé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń rílé gbà l'Ékòó? Kóun náà rí ibi sùn."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó gé gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan lára gíláàsì ojú fèrèsé àtijọ́, ó gun orí àga, ó fi símẹ́ǹtì lẹ orí rẹ̀ kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ibi tó sán, ó lẹ orí kejì mọ́ ẹ̀gbẹ́ òsì. Ó kọ ọjọ́ sí i lára.

"Kí lẹ fẹ́ fìyẹn ṣe? Ẹ fẹ́ fi wé e bí egbò?"

"Rọ́bà máa ń nà," ó ṣàlàyé fún un. "Igi máa ń tẹ̀. Irin pàápàá máa ń fà díẹ̀ bí ooru bá mú. Ṣùgbọ́n gíláàsì kì í nà. Bí bíìmù yìí bá fi ìwọ̀n irun kan sún, gíláàsì á ṣẹ́. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń mánéèjì. Òun nìkan ló máa sọ òótọ́ fún wa nínú ilé yìí."

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, gíláàsì náà ṣẹ́ sí méjì.

Adéríbigbé lọ bá Débọ̀, ọmọ onílé. Bàbá Débọ̀ ti darúgbó, ó wà nílé ìyàwó rẹ̀ kékeré, kò mọ ọjọ́ mọ òru mọ́. Débọ̀ ló ń gba owó ilé, òun ló sì ń pe ara rẹ̀ ní mánéjà ilé. Nínú oṣù karùn-ún ló gbé táǹkì omi dúdú mẹ́ta sórí òrùlé, tó ń ta omi fún àdúgbò. Ilẹ̀kùn òrùlé náà, àgádágodo ló fi tì í, òun nìkan ló sì mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dání.

"Lítà omi kan, kílò kan ni," ni Adéríbigbé wí. "Táǹkì kan ń gba ẹgbẹ̀rún méjì. Táǹkì mẹ́ta jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́fà kílò. Débọ̀, erin kan odindi lo gbé sórí ilé bàbá rẹ."

"Erin kẹ̀? Èmi ò rí nǹkan fìrí pàápàá, Bàbá."

"Mi ò bá ẹ ṣeré. Gíláàsì ti ṣẹ́."

"Ẹ má bínú. Ẹ gbọ́, Bàbá. Ọdún yìí ò ní í parí ká má tíì wó ilé yìí ká tún un kọ́. Ẹ bá wa mánéèjì ẹ̀ títí dìgbà yẹn. Ṣebí ẹ̀yin lẹ ń jí òkú ẹ̀rọ dìde? Gbogbo Mushin ló mọ̀ yín. Ìwọ̀nba bíìmù yìí ló wá fẹ́ ṣe yín bí ẹni tí ò mọ̀ ọ́n ṣe?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Adéríbigbé lára ju bó ti yẹ lọ. Ẹni tó kọ́ ara rẹ̀ níṣẹ́ kì í fẹ́ gbọ́ pé iṣẹ́ kan wà tí òun ò mọ̀. Ó ra páìpù onírin tó nípọn, ó gba jáàkì ọkọ̀ àjàgbé kan lọ́wọ́ mẹkáníìkì. Ó tẹ́ pákó líle sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé jáàkì lé e, ó gbé páìpù lé jáàkì, ó fi pákó mìíràn sáàárín orí páìpù àti bíìmù. Ó wá ń yí jáàkì náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, etí rẹ̀ lára páìpù bí ẹni ń gbọ́ ìmí aláìsàn. Nígbà tí pákó òkè dún "kẹ́" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó dáwọ́ dúró. Kò gbé bíìmù sókè, ó kàn bá a gbé díẹ̀ nínú ẹrù rẹ̀ ni.

Ó lẹ gíláàsì tuntun, ó kọ ọjọ́ sí i.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Gíláàsì kò ṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta. Àwọn èèyàn ń yà wò ó. Wọ́n ń fọwọ́ gbá páìpù náà bí ẹni ń gbá ẹṣin lẹ́yìn. Hilda, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń gbé lájà kejì, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yaba, ti di ẹrù rẹ̀ láti lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé ní Sábó. Ó dúró níwájú páìpù náà, báàgì rẹ̀ lẹ́yìn.

"Bàbá, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé mo lè sùn?"

"Má wojú mi. Wo gíláàsì."

Hilda wò ó. Ó gbé báàgì rẹ̀ padà sókè.

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ilé ṣe fọkàn balẹ̀. Ohun tí Adéríbigbé kò ronú kàn nìyẹn. Kí páìpù tó dé, ẹ̀rù ń bà wọ́n, wọ́n sì ń wá ilé mìíràn. Páìpù dé, kò sẹ́ni tó tún wá ilé mọ́. "Bàbá ti mánéèjì ẹ̀ fún wa" ni wọ́n ń sọ, òun náà á sì rẹ́rìn-ín músẹ́, torí ìtumọ̀ inú ìwé gan-an ni wọ́n fún un yìí: ó dáwọ́ lé ohun tó ṣòro, ó yege.

Ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè kan, nínú oṣù kẹsàn-án, ó gbọ́ ariwo lókè. Ó jáde, ó rí àwọn géńdé mẹ́rin tí wọ́n ń fi okùn fa táǹkì kẹrin sórí òrùlé.

"Débọ̀! Kí lò ń ṣe yẹn?"

Débọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti òkè, ó ń rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ fara balẹ̀. Ṣebí páìpù yín wà níbẹ̀?"

Adéríbigbé wọlé lọ wo gíláàsì. Kò tíì ṣẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, òjò ń rọ̀. Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní aago mẹ́jọ, ó yọjú sí ti Rùkáyàt bó ti ń ṣe lójoojúmọ́, ó gbójú sókè. Gíláàsì ti ṣẹ́. Ìdajì rẹ̀ ti já bọ́ sórí tábìlì tí wọ́n ti ń gé aṣọ. Pákó tó wà lábẹ́ jáàkì sì ti tẹ̀ láàárín bí àwo ọbẹ̀.

Rùkáyàt jókòó sábẹ́ rẹ̀, àpò yunifọ́ọ̀mù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ máa wọlé ní Mọ́ńdè, ó sì ti ṣèlérí fún àwọn ìyá wọn pé kí wọ́n wá gba aṣọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ náà. Àṣàkẹ́, ọmọ tirẹ̀, tó lọ lo ọlidé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà l'Ọ́yọ̀ọ́, wà lára àwọn tó máa wọ aṣọ náà.

"Rùkáyàt, dìde. Jáde níbẹ̀."

"Bàbá, ẹ káàárọ̀ ná."

"Gíláàsì ti ṣẹ́."

Ó gbójú sókè, ó wò ó pẹ́. "Ó ti ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan rí," ó sọ. "Ilé ò wó."

"Táǹkì ò pé mẹ́rin nígbà yẹn."

"Bàbá mi, ẹ wo òjò níta. Aṣọ funfun nìyí. Ibo ni mo fẹ́ gbé e lọ? Bọ́tìnnì ló kù, aṣọ mọ́kàndínlógún péré. Wákàtí mẹ́ta ni. Kò ṣeé mánéèjì títí di ọ̀sán ni?"

Adéríbigbé wo bíìmù, ó wo jáàkì. Ó pe Débọ̀ lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹrin, Débọ̀ kò gbé e. Ó kúnlẹ̀, ó fún jáàkì ní ìdajì ìyípo kan, ó gbétí lé páìpù. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò lọ́kàn: gíláàsì àkọ́kọ́ ṣẹ́, ilé dúró. Bóyá èyí ti ṣẹ́ láti àná, ilé ṣì dúró. Bí òun bá sáré lọ bá Débọ̀ ní Surulere, tí òun gba kọ́kọ́rọ́ òrùlé, tí òun tú omi táǹkì dànù, tí òun sì ra páìpù kejì bọ̀, kò lè ju wákàtí mẹ́ta lọ. Òun tó ní gíláàsì nìkan ló ń sọ òótọ́, òun ló jókòó tó ń bá gíláàsì jiyàn yìí.

"Ó dáa," ó sọ. "Mánéèjì ẹ̀ títí di ọ̀sán. Tí aago méjìlá bá lù kí n tó dé, jáde, aṣọ ì báà tán, ì báà má tán."

"Ẹ má pẹ́ o. Ẹ bá mi ra òwú funfun bọ̀."

Ó ké sí àwọn ará òkè bó ti ń lọ. Hilda ti lọ síbi iṣẹ́, ọ̀pọ̀ ti lọ. Àwọn tó kù ní àwọn á jáde, tí òjò bá dá.

Ó bá Débọ̀ lórí ibùsùn. Wọ́n jiyàn lẹ́nu ọ̀nà títí ìyàwó Débọ̀ fi yọ kọ́kọ́rọ́ náà kúrò lára ìṣó, tó jù ú fún un. Ó ra òwú. Ó ra páìpù. Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló wọ àdúgbò, páìpù léjìká, tó rí i tí àwọn èèyàn ń sáré, tí eruku ń rú nínú òjò. Kò rí eruku nínú òjò rí láyé rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ kọ́kọ́ bèèrè bó ṣe ṣeé ṣe, kó tó mọ ohun tó ń wò.

Ilé náà ti wó bí ẹni jókòó. Àjà sùn lórí àjà. Àwọn ará òkè kan ti jáde, ẹ̀jẹ̀ lójú wọn. Ìyá arúgbó kan ṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Níbi tí ṣọ́ọ̀bù Rùkáyàt wà, àlàfo kan ló kù láàárín kọnkéré àti ilẹ̀, kò ga ju àpótí ìjókòó lọ. Orí páìpù rẹ̀ àkọ́kọ́ yọ jáde níbẹ̀, ó ti ká bí ìka.

Ó dojú bolẹ̀. "Rùkáyàt! Ṣé ò ń gbọ́ mi?"

Ohùn rẹ̀ jáde láti inú àlàfo náà. "Mò ń gbọ́, Bàbá."

"Báwo ni?"

"À ń mánéèjì."

Àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í wa ilẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́, pẹ̀lú ṣọ́bìrì, pẹ̀lú páìpù tuntun náà. Ẹnì kan ń pe àwọn tó ní ẹ̀rọ tó ń gé irin. Adéríbigbé kò dìde nílẹ̀.

"Bàbá."

"Mo wà níbí."

"Ṣé ọ̀sán ti tó?"

"Kò tíì tó."

"Mo rò bẹ́ẹ̀. Ó ku méje péré. Ẹsẹ̀ mi ni mi ò mọ̀ bóyá ó wà. Àwọn aṣọ wà lábẹ́ tábìlì, wọ́n ò rin. Omi ń wọlé o, Bàbá. Ó tutù."

Adéríbigbé mọ omi náà. Ó mọ iye lítà rẹ̀. Táǹkì mẹ́rin ti fọ́ sórí àjà, omi ń ṣàn gba àárín kọnkéré wá sí ibi tó rẹlẹ̀ jù, ibi tó sì rẹlẹ̀ jù nínú ilé náà ni ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, tí wọ́n gbẹ́ sísàlẹ̀ ní àtẹ̀gùn méjì. Kọ́kọ́rọ́ òrùlé wà lápò rẹ̀. Ó kígbe pé kí wọ́n gbẹ́ ojú àgbàrá fún omi náà, òun fúnra rẹ̀ ń fi èékánná họ ilẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ẹ. Omi ń jáde, ṣùgbọ́n èyí tó ń wọlé pọ̀ jù ú lọ.

Ó gbọ́ tó ń gbàdúrà, ohùn rẹ̀ ga sókè. Lẹ́yìn náà ohùn náà sún mọ́ àjà, ó sì ń yára. Lẹ́yìn náà, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó gbétí lé páìpù tó ká náà. Kò gbọ́ nǹkan kan.

Aago méjìlá kọjá díẹ̀ nígbà tí àwọn tó ń gé irin dé.

Wọ́n sin Rùkáyàt lọ́jọ́ náà, kí ilẹ̀ tó ṣú, bí ẹ̀sìn rẹ̀ ti pa á láṣẹ. Àwọn ọlọ́pàá mú Débọ̀ lọ fún ìbéèrè. Ó ní òun kò mọ nǹkan kan, pé bàbá kan tó mọ̀ nípa ẹ̀rọ ló ti tún bíìmù náà ṣe. Wọ́n bi Adéríbigbé bóyá òótọ́ ni.

"Òótọ́ ni," ó dáhùn. "Èmi náà ni mo ní kí Rùkáyàt dúró."

Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n rí àpò yunifọ́ọ̀mù náà. Ó rin gbingbin, ó sì kún fún ẹrẹ̀ símẹ́ǹtì. Àwọn ìyá dúró yí i ká, wọn kò wojú ara wọn. Obìnrin kan ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ó yọ ti ọmọ rẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n. "Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere," ó wí. "Ká fọ̀ ọ́, ká mánéèjì ẹ̀ fún ọjọ́ àkọ́kọ́ ná." Àwọn tó kù tẹ̀ lé e. Wọn kì í ṣe ìkà èèyàn. Mọ́ńdè ń bọ̀ ni.

Adéríbigbé rí agolo bọ́tìnnì Rùkáyàt níbẹ̀, ó gbé e.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, ó jókòó sórí àpótí ní òdìkejì òkìtì náà. Ìwé rẹ̀ tí kò léèpo ti bá ilé lọ. Àwọn ọmọ ń kọjá lọ síléèwé, aṣọ wọn funfun tán, àyàfi ibi tí símẹ́ǹtì ti gbẹ sínú ojú rírán. Ọmọbìnrin kékeré kan, bí ọmọ ọdún méje, kúnlẹ̀ kí i. Píìnì ni wọ́n fi kọ́ àyà aṣọ rẹ̀ pọ̀.

"Bọ́tìnnì ẹ dà?"

"Mọ́mì mi ní kí n máa mánéèjì ẹ̀ lọ báyìí."

"Wá níbí."

Ó yọ òwú funfun tí wọ́n ní kó rà bọ̀ kúrò lápò. Ó ṣí agolo, ó mú abẹ́rẹ́ kan níbẹ̀, ó wá bọ́tìnnì tó dọ́gba mọ́ èyí tó wà lọ́rùn aṣọ, kò mú èyí tó kàn jọ ọ́. Kò rán bọ́tìnnì rí. Ó yẹ ojú ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò, ó wo bí Rùkáyàt ti rán ti ọrùn, bí òwú ti gba ihò kan bọ́ sí èkejì, iye ìgbà tó yí po. Ó bẹ̀rẹ̀. Bọ́tìnnì náà wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó tú u, ó tún un bẹ̀rẹ̀.

Agogo iléèwé lù lọ́ọ̀ọ́kán.

"Bàbá, mo máa pẹ́ o."

"Wàá pẹ́," ni Adéríbigbé wí, ó sì ń rán an lọ.